Aago Ara Ògiri

Ọdẹ́yalé, kó o tó fọwọ́ kan ìbọn bàbá bàbá rẹ,
jókòó sórí àpótí yìí, kó o wo aago ara ògiri.
Mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ló ń sọ,
láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru,
láti ìgbà tí mo wà ní ìwé kẹrin.
Ẹ̀yin ọmọ ní aago bàjẹ́.
Aago ò bàjẹ́. Ọta ló wà nínú ẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà.
Ìyá wa ń ku gààrí lẹ́bàá ògiri,
bàbá wa Ọdẹ́sànyà, ọdẹ tí kì í tàsé,
gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì lé itan, ó ń fi àkísà nù ún.
Ó ní, “Kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Àná ni mo yìn ín.”
Lóòótọ́ ni, ẹnu kan ti sọ̀rọ̀ lánàá.
Bàbá wa gbàgbé pé ẹnu méjì ló ní.
Kọ̀ǹkọ̀sọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyá wa,
ó bẹ̀rẹ̀ kó mú un,
gbàù!

Èéfín. Gààrí káàkiri ilẹ̀.
Ìyá wa ṣì wà lórí ìbẹ̀rẹ̀,
aago sì ti dákẹ́
níbi tí orí ẹ̀ wà kó tó bẹ̀rẹ̀.

“Kò sí nǹkan nínú ẹ̀”: ọ̀rọ̀ tó ń pa ará ilé nìyẹn.
Ìbọn tó kún, tọmọdé tàgbà ní ń sá fún un;
èyí tí wọ́n ní ó ṣófo ló ń sọ ọmọ di òrukàn.
Nítorí náà, ìbọn kankan ò ṣófo.
Kó o ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn ín tán, kò ṣófo.
Kí n gbé e fún ọ, kí n búra, kò ṣófo.
Là á, wò ó, tún un wò,
síbẹ̀ kó o mú un bí ohun tó kún dẹ́nu.

Ẹnu ìbọn dà bí ẹnu ọ̀mùtí,
ta ló mọ ìgbà tó máa sọ̀kò ọ̀rọ̀?
Má kọjú ẹ̀ sí ẹni tí o ò fẹ́ sin.
Ìka rẹ, jẹ́ kó sinmi lára igi,
kó jìnnà sí ìfà títí ojú yóò fi rí, tí ọkàn yóò fi gbà.
Ìka tó yá ju ojú lọ kì í pa ẹkùn,
ẹkún ló ń gbé wálé.

Lóru, bí iná orí rẹ bá tan ojú méjì nínú igbó,
má sáré pè é ní ẹtu.
Ewúrẹ́ Ìyá Ṣówẹ̀mímọ̀ náà ní ojú.
Ọmọ tó lọ ṣa ìgbín ní ojú.
Súfèé. Pè é. Bó bá fẹ́ sá, jẹ́ kó sá.
Wo ẹ̀yìn ẹran pẹ̀lú: lẹ́yìn kòkó, abà ni,
ọta kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Bó o bá dé afárá igi lórí Odò Ọ̀nà,
là á, yọ ọta, kó o tó gun igi.
Bàbá rẹ yọ̀ ṣubú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
ìbọn òfìfo ló…
Ṣé o rí i? Èmi náà fẹ́ẹ̀ sọ ọ́.

Ìbọn wà nínú àpótí, ọta wà nínú agolo lókè àjà.
Bíi tọkọtaya tó ń jà, má jẹ́ kí wọ́n sùn ní yàrá kan.
Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi.
Ọjọ́ tó o bá fẹnu kan ògógóró, má wá béèrè rẹ̀,
ìwé àṣẹ ìjọba ì báà kún àpò rẹ.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá wa tún lò láyé.
Alátùn-ún-ṣe aago wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lé e.
Ìyá wa á sì máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé,
“Aago mélòó ló lù, ọkọ mi?”
Kò rẹ́rìn-ín rí.

Ó yá, na ọwọ́.
Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó dé.
Má gbà mí gbọ́.