Ẹ̀rọ Odùlàjà

Aago márùn-ún ààbọ̀ ní Òde Rẹ́mọ.
Ọyẹ́ ti lá irin yìí mọ́jú.
Mo fa okùn lẹ́ẹ̀mẹfà;
ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́
bí ẹni tí wọ́n bi ní gbèsè.
Gbágùúdá kún abọ́ mẹ́rin, ó ń wò mí.

Káṣìmawò ní omi ló wọnú epo.
Mo tú u sínú ife: kò sómi.
Mo yọ pọ́lọ́ọ̀gì: ó dúdú bí ìdí agbada,
ó sì gbẹ. Ó gbẹ!
Epo ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá nìyẹn.
Róbà tí Odùlàjà fi so ṣóòkù
lọ́dún tó kú ti já,
ẹnu kabúrétọ̀ là sílẹ̀ gbayawu,
atẹ́gùn ń wọlé, epo jókòó sílé.

Mo ki pọ́lọ́ọ̀gì sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná gàrí
bó ṣe máa ń ṣe, tí mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín.
Ó gbóná; etí ìró ni mo fi mú un,
mo dè é padà.
Ọwọ́ òsì dí ẹnu kabúrétọ̀, ọ̀tún fà,
ẹ̀ẹ̀kan péré.

Èéfín. Adìẹ sá.
Káṣìmawò ń sọ nǹkan, n kò gbọ́.
Ọwọ́ mi ń rùn bẹntiróòlù, bíi tirẹ̀.
N kò tíì fọ̀ ọ́.