Òórùn Aago Mẹ́rin

Ojú ìwé mọ́kànlá ni òfin wọn.
Mo kà á nínú ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá títì ní Nebraska,
bí ẹni ń ka ìwé ìpíngún tí orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀.
Oníròyìn lè wọlé, ni wọ́n wí.
Oníròyìn ò gbọdọ̀ yan ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀.
Ẹni tí wọ́dà bá mú wá ni kó bi ní ìbéèrè,
ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́dà jókòó tì wọ́n.

Wọ́n mú ọkùnrin kan wá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ irun rẹ̀.
Mo ní, oúnjẹ ńkọ́? Ó ní, oúnjẹ dára.
Mo ní, omi ńkọ́? Ó wojú wọ́dà,
ó ní, omi náà dára.
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọ́dà.

Wendell Akers ni mo fẹ́ rí,
ẹni tó kọ̀wé sí mi lẹ́yìn fọ́ọ̀mù ìfọṣọ
pé omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ àwọn pọ́n bíi tíì,
pé ọkùnrin mẹ́ta ti ń tọ ẹ̀jẹ̀.
Òfin ní: bí oníròyìn, rárá.
Bí ọ̀rẹ́, gba fọ́ọ̀mù, kí o lọ dúró.

Mo di ọ̀rẹ́ lórí ìwé.
Yìnyín bọ́, yìnyín yọ́, àgbàdo hù dé orúnkún
kí wọ́n tó fèsì.

Ọ̀rẹ́ ò gbọdọ̀ mú bírò wọlé, tàbí ìwé, tàbí fóònù.
Ọ̀rẹ́ ò gbọdọ̀ wọ aláwọ̀ ewé, tàwọn wọ́dà nìyẹn;
kò gbọdọ̀ wọ búlúù, tàwọn ẹlẹ́wọ̀n nìyẹn.
Sájẹ́ǹtì Pruitt wo jíìnsì mi, ó mi orí.
Mo wakọ̀ lọ ra ṣòkòtò pupa kan ní dọ́là mẹ́sàn-án.
Ó fún mi nídìí. Mo wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀,
mo jókòó síwájú Wendell
bí iná ojú títì tó ní kí ọkọ̀ dúró.

Ó rẹ́rìn-ín. Eyín iwájú kan ò sí.
Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, mo sì ń ká ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìka:
àtàǹpàkò, ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ pọ́n;
ìfábẹ̀lá, orúkọ dókítà tí kò wá;
ìka àárín, Tobiah Lusk, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì,
tí wọ́n gbé jáde lóru;
ìka òrùka, ìwé ẹ̀sùn mẹ́fà tí kò lésì.
Ó ku ìṣẹ́jú méjì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.
“Láago mẹ́rin ìdájí, òórùn búrẹ́dì ń gba fèrèsé wọlé.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbọ́ ọ.
Ta ló ń ṣe é?”
Mo fi ìyẹn fún ọmọńdinrín.

Mo sáré dénú ọkọ̀, mi ò kí ẹnikẹ́ni
kí ọ̀rọ̀ má baà jábọ́ lọ́nà,
mo kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì ṣòkòtò, títí dé apá ara mi.
Ìròyìn jáde. Olóòtú mi gé búrẹ́dì kúrò,
ó ní kò kan omi.
Ìjọba ní àwọn yóò yẹ omi wò.
Wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo jí láago mẹ́ta lọ́jọ́ kan, mo wakọ̀ yí ògiri náà po,
mo ṣí gíláàsì, mo ń ṣímú kiri bí ajá.
Lẹ́yìn ilé ìjọ Luther, iná kan ń tàn:
Ludmila Vrbka, ẹni ọgọ́rin ọdún,
ń yan búrẹ́dì róbótó tí wọ́n ń fi èso sí láàárín,
bí ìyá àgbà rẹ̀ ti ṣe é kó tó ṣí kúrò nílẹ̀ Czech.
“Mi ò mọ̀ pé ó ń dé ọ̀hún,” ó wí,
ó sì wo fèrèsé rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí Wendell.
Lẹ́tà padà lọ́jọ́ kejìlá, òǹtẹ̀ pupa lórí rẹ̀:
Òfin kẹtàdínlógún, ìlà kẹrin.
Ẹlẹ́wọ̀n ò gbọdọ̀ mọ bí àyíká ọgbà ti rí.

Mo tún un kọ, gbólóhùn kan péré:
Èso púlọ́mù ni.
Mi ò tíì mọ̀ bóyá ó dé.