Etí Ni Ọ̀gá Mi Fi Ń Wo Iná

Ọ̀gá Akíndùúró kò ríran kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́.
Lórí àga onírin tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó
ló ń jókòó, ní Yábà, nílùú Oǹdó,
ó dojú kọ títì, ó kẹ̀yìn sí mi.
Bí mo bá fi ọ̀pá kan irin, tí iná bẹ́,
etí ló fi ń wò ó.
"Morádékẹ́, iná yẹn pọ̀ jù, ó ń tutọ́."
"Èyí kéré, ó ń lẹ̀ mọ́ irin
bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú."
Bí ó bá ń dún ṣáá, láìdákẹ́,
bí àkàrà nínú epo tó gbóná tó,
kò ní sọ nǹkan kan.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni yóò mì, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Nígbà èwe rẹ̀, ojú lásán ló fi ń ṣe é.
"Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ," ni yóò wí,
á di ojú kan, á fi ìkejì ṣọ́ iná.
Lóru, yanrìn á kún abẹ́ ìpéǹpéjú,
ìyàwó á fún omi ọmú sí i,
á máa kérora títí àkùkọ á fi kọ.
Ilẹ̀ mọ́, ó tún di ìdí ẹ̀rọ.
Yanrìn yẹn kò lọ tán.
Díẹ̀díẹ̀ ló fi mọ ògiri sí i lójú.

Nítorí náà, Tìmílẹ́yìn, ìwọ tó dé lánàá
pẹ̀lú sílípáàsì àti ṣòkòtò náílọ́ọ̀nù,
má tíì bi mí bí wọ́n ṣe ń jó gétì.
Bàtà aláwọ nìyí. Ti ọ̀gá ni.
Ó tóbi jù ọ́; ki àkísà bọ iwájú rẹ̀.
Náílọ́ọ̀nù kì í jó kó tán,
ńṣe ló ń yọ́ mọ́ni lára.
Òwú ni kí o wọ̀ wá lọ́la.

Kí o tó tan ẹ̀rọ, fọwọ́ tọ wáyà rẹ̀ láti orí dé ìdí —
pa súwíìṣì ara ògiri ná!
A kì í fọwọ́ bi ejò bóyá ó sùn.
Bí awọ wáyà bá là, má fi ọ̀rá omi dì í, wá pè mí.
Ha ìpẹtà kúrò níbi tí ìdìmú ilẹ̀ á gbé gé irin jẹ:
iná tí kò rọ́nà padà sílé,
ara ènìyàn ló máa gbà kọjá.

Sátidé la máa ń tú ìhà rẹ̀,
nígbà tó bá ti kúrò lára iná, tó ti tutù,
a ó fẹ́ eruku irin dànù nínú rẹ̀.
Lọ́dún kéjì sẹ́yìn, ọmọńlé kan kú sínú fáànù,
fáànù kò yí, ẹ̀rọ gbóná títí ó fi rùn.
Igba ẹgbẹ̀rún náírà ni mo fi tún un ṣe.
Kò sí ọmọńlé tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Oǹdó.

Dírọ́ọ̀mù tó ti gbé pẹtiróòlù rí,
ìbáà ti ṣófo láti ọdún mẹ́ta, má kàn án.
Òórùn kì í kó ẹrù rẹ̀ lọ tán.

O sì wà níbẹ̀ lánàá, nínú òjò,
nígbà tí Alàgbà Akínlàbí dé,
tí ìlẹ̀kùn ìsọ̀ kòkó rẹ̀ já,
tó ka owó ìlọ́po méjì sórí tábìlì.
Omi ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.
Mo ní, "Bàbá, irin tó já, mo lè jó o pọ̀.
Bí èmi bá já ńkọ́?"
Ó bínú lọ. Á padà wá, ẹ̀ẹ̀rùn kò jìnnà.

Aago méjì ti lù. Fa tàpólì yẹn sílẹ̀,
àwọn ọmọléèwé ń bọ̀, ìran ni wọ́n pe iná.
Ó yá, bo ojú.
Òkùnkùn ni o máa kọ́kọ́ rí, má bẹ̀rù,
fi ẹnu ọ̀pá ha irin bí ẹni ń ṣá ìṣáná.

Ó lẹ̀.
Tún un ṣe.
Ó lẹ̀. Yí i, já a, tún un ṣe.

Èmi kò wo ọwọ́ rẹ, ọmọ yìí.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún ọ̀gá ni mò ń wò.