Ọdún Tí Fóònù Padà Sí

Inú ọ̀rá búrẹ́dì ni wọ́n gbé e sí wá,
fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.
"Ó ń tàn, ó ń kú," ni Màmá Ṣóríyàn wí.
"Ó ń tàn, ó ń kú, láti àná.
Bí mo bá sì fẹ́ pe Bísọ́lá ní Kánádà
á ní nǹkan kan kò dáhùn,
á bi mí pé kí n dúró ni, àbí kí n tì í.
Èmi kì í tilẹ̀kùn mọ́ èèyàn. Mo dúró.
Mo dúró títí ìrẹsì fi jóná."

Mo ní kí wọ́n jókòó.
Ní Òkè-Àgbò wa yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́mìlì,
kò sí fóònù tí kì í jẹ igi.
Mo fi abẹ́rẹ́ tọ ihò ṣájà:
lẹ́búlẹ́bú ìrókò jáde,
ti àfàrà tẹ̀ lé e.
Gbọ́yèga, ọmọ iṣẹ́ mi, ní òun lè fi la pákó kan.
Mo ní kó dákẹ́, kó gbé búrọ́ọ̀ṣì àti sípíríìtì wá.

Mo tún un sọ fún un, bí mo ṣe ń sọ lójoojúmọ́:
má sáré nu gbogbo inú rẹ̀ dànù.
Ẹni tó torí eku dáná sun ilé,
ta ni yóò bá a kọ́ òmíràn?
Tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́ ti ohùn, ka mẹ́wàá.
Bí kò bá jí, yọ síìmù.
Bí kò bá jí, gbá pàǹtí tó kó jọ, má fọwọ́ kan àwòrán.
Bí kò bá jí síbẹ̀, bi olóhun:
kí lẹ ṣe fún un kẹ́yìn?

"N ò ṣe nǹkan kan."
Gbogbo wọn kì í ṣe nǹkan kan.
"Àfi pé ó bọ́ sínú garawa lọ́jọ́ Ẹtì.
Àfi pé mo sá a sóòrùn.
Àfi pé ọmọ-ọmọ mi feyín tú ẹ̀yìn ẹ̀."

Bátìrì ti wú. Mo pààrọ̀ rẹ̀.
Fóònù gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ní àtẹ́lẹwọ́ mi,
ó tàn, kò kú mọ́.
Ṣùgbọ́n Wọ́sáàpù kọ̀, kò ṣí:
ó ní ọjọ́ inú fóònù kò péye,
ká lọ tún aago ṣe.

Mo wò ó. Ọjọ́bọ̀,
ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1970.
Aago kan òru kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.
Kì í ṣe nǹkan bàbàrà.
Ibẹ̀ ni Áńdíróìdì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́;
bí agbára bá tán nínú ẹ̀ pátápátá,
ibẹ̀ náà ló ń sá padà sí.

Ìka mi ti wà lórí àtúnṣe
nígbà tí Màmá di ọwọ́ mi mú.
"Jẹ́ n rí i."
Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n tún un wọ̀.

"Lọ́jọ́ yẹn, Adékọ̀yà ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lójú ogun.
Ogun ku ọjọ́ díẹ̀ kó tán, a ò mọ̀.
Ìyá wa ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé ní Àtíkórí,
wọ́n ti bu tiẹ̀ sọ́tọ̀ sínú agolo,
èyí tó kan dáadáa."

Wọn ò sọ bóyá ó dé jẹ ẹ́.
Èmi náà ò bèèrè.
Ayùn sọ́mìlì ń ké. Gbọ́yèga ò dápàárá mọ́.
Ojú fóònù fẹ́ ṣú,
mo fìka kàn án kó má bàa sùn.
Ìṣẹ́jú márùn-ún di mẹ́fà, ní ọdún 1970.

Wọ́n tú ọwọ́ mi sílẹ̀.
"Tún un ṣe. Bísọ́lá á ti máa dààmú."
Mo tẹ ọjọ́ òní.
Àtẹ̀jíṣẹ́ méjìdínlógójì já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà,
ariwo wọn borí ti ayùn.

Wọ́n bèèrè iye. Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin fún bátìrì,
n ò gba owó iṣẹ́.
Ìjẹ̀bú ni wá:
wọ́n ná an dé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀.