Ó Ku Ṣílè Méje

Èmi àti Tíṣà Fápọ̀hùndà ti ṣe gbólóhùn asọ̀
lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò ní purọ́.
Odindi táàmù kan, aṣọ!
Ìṣirò dé, aṣọ. Sáyẹ́ǹsì dé, aṣọ.
Ìtàn ìlú, àwòrán yíyà, aṣọ náà ni.
Mo ní, "Ṣé télọ̀ lẹ fẹ́ fi ọmọ mi ṣe ni?"
Ó ní, "Bàbá Àdùnbárìn, ẹ yọjú lọ́jọ́ Ẹtì.
Ẹ kàn fọwọ́ yín, bó bá ṣeé ṣe."

Kò ṣeé ṣe. Ìdọ̀tí táyà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ọṣẹ.
Báyìí ni mo ṣe rìn láti Òkèèsà,
mo ki ọwọ́ bọ àpò bí olè.

Wọ́n ti ká pákó tó la kíláàsì mẹ́ta láàárín kúrò,
gbogbo rẹ̀ wá di ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan.
Òwú mẹ́rin ló wà lẹ́nu ọ̀nà nínú agolo mílíìkì.
Mẹ́ta yọ ewé. Sára ìkẹrin, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà:
ÈYÍ KÚ. A GBÀGBÉ RẸ̀ NÍGBÀ ÌSINMI ILÉYÁ.
Mo fẹ́ràn ìyẹn.
Èwo nínú àgbà ló ń kọ ọ́ sára ohun tó bàjẹ́
pé òun ló bà á jẹ́?

Ọmọkùnrin kan dúró ti ìkòkò elú,
aró ti gun apá rẹ̀ dé ìgúnpá, ìyá rẹ̀ fọ̀ ọ́ tì.
Ó ní eérú ni. Ó ní ẹni tó bá fojú di omi eérú,
aró rẹ̀ kò ní mú,
òjò àkọ́kọ́ ni yóò gbà á lọ.

Lára ògiri, okùn kan ta láti Iléṣà,
ó gba Ọ̀fà, ó kan Ìlọrin, ó fo Odò Ọya,
kókó kan fún ìsùn kan.
Mo ka kókó náà. Mo ṣì í kà. Mo tún un kà.
Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín, tẹrù tẹrù lórí.

Àṣé bàbá bàbá mi wà lórí okùn yẹn.
Ìwé rẹ̀ ni mo rí lórí tábìlì Àdùnbárìn,
ìwé gbèsè tí mo ti ń wá láti èṣí,
tí mo ti pa eku mélòó kan nítorí rẹ̀.
Ọmọ náà nà án sókè: "Òṣómàáló ni bàbá-ńlá mi.
Bó bá ta aṣọ àwìn fún ọ, tí ọjọ́ bá pé,
yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ.
Kò ní jókòó, kò ní dìde, àfi bó bá gbowó."
Ó wá ń ṣírò: tọ́rọ́ mẹ́rin, ṣílè kan,
ogún ṣílè, pọ́n-ùn kan, ẹnu rẹ̀ ń sáré.
Èmi tí mo ń fi ẹfun kọ gbèsè oníbàárà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù,
tí òjò ń bá mi dárí jì wọ́n,
ẹ̀yìn èrò ni mo sá sí.

"Ọ̀gúngbèmí, ará Ìwàrà. Ọ̀pá aṣọ mẹ́fà. Ó ku ṣílè méje."

"Tún orúkọ yẹn pè."
Arúgbó kan ni, tó tẹ̀lé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá.
Àdùnbárìn tún un pè.
"Bàbá mi nìyẹn."
Ó fẹ́ rí lẹ́tà náà dáadáa, tábìlì ọmọdé sì kúrú,
ló bá rọra ká orúnkún, orúnkún ró kẹ́kẹ́,
ó lóṣòó.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Ọmọ ajigbèsè ló lóṣòó síwájú ọmọ olówó.

Ó tú ìdí àpò. "Èló ni lówó òní?"
Àdùnbárìn wo tíṣà. Tíṣà wo àjà.
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò tíì débẹ̀.
Táàmù tó ń bọ̀ la máa kọ́ owó."
Arúgbó mi orí. "Ó dáa," ló wí.
Kò dìde.