Ìwé Tó Dun Oula

Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ ní Utsjoki.
Aago méjìlá ọ̀sán, òkùnkùn biribiri,
iná bọ́ọ̀sì mi nìkan ló ń la òjò dídì kọjá.
Ọgbọ̀n ọdún rèé tí mo ti ń wa ìwé káàkiri àríwá Fínlándì,
ọwọ́ kan lórí ìtọ́kọ̀, ọwọ́ kejì lórí ife kọfí.

Oula gun àtẹ̀gùn wọlé, ó gbọn yìnyín kúrò lára bàtà.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Imú rẹ̀ pọ́n bí ata.
Ó ní, "Irmeli, fún mi ní ìwé
tí kò ní kọ́ mi ní nǹkan kan."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ irú wọn,
àwọn tí a ti rọ ní ẹ̀kọ́ bí ẹni ń rọ ọmọ lágbo.
Mo nawọ́ sí pẹpẹ òkè, níbi tí àwọn dírágónì ń sùn sí:
"Gba èyí. Dírágónì inú rẹ̀ ń bẹ̀rù iná,
bó bá gbóòórùn èéfín, sísín ló ń sín títí ilẹ̀ á fi mọ́.
Tàbí èyí. Ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga gbígbẹ,
ọjà ló bá nísàlẹ̀;
àwọn ọdún tó ti kọjá ló pàtẹ síbẹ̀.
Bí o bá ní bọ́tìnnì mẹ́ta,
o lè ra ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan padà."

Ó gbà á, ó ṣí i, ó dá a padà.
Ìka rẹ̀ lọ sí pẹpẹ ìsàlẹ̀:
"Èyí ńkọ́?"

Ìwé àtijọ́. Kò ní àwòrán.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi tépù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀.
Ọmọ kan àti ajá afọ́jú kan
ń ṣọ́ ilé gogoro tó ń tanná fún ọkọ̀ òkun.
Mo mọ ohun tó wà ní ojú ìwé kejìlélógóje.
Ó yẹ kí n sọ fún un.
N kò sọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó dúró sínú òjò dídì, kò gun àtẹ̀gùn.
"Ajá náà kú!"
"Ó kú."
"O mọ̀, o sì fún mi!"
Jouni, bàbá rẹ̀, sọ̀rọ̀ láti orí alùpùpù yìnyín:
"Ẹkún kì í da àgbọ̀nrín wálé, Irmeli.
Ṣé kò sí ìwé àtúnṣe ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ ni?"
Ó wà. Mo fún un. Inú rẹ̀ dùn.

Ṣùgbọ́n Oula ṣì dúró.
Mo gba ìwé náà, mo fi igun rẹ̀ hàn án,
níbi tó ti tẹ̀ wọnú:
"Fọwọ́ kàn án. Ara ògiri ilé ìyá mi ló ti rí ọgbẹ́ yìí.
Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo kà á dé ibi ajá,
mo sọ ọ́ mọ́ ògiri.
Ọjọ́ kẹta ni mo tó lọ mú un nílẹ̀."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.
Ẹ̀yin òbí tó ń bi mí léèrè ìwé tó "dára fún ọmọ",
n kò mọ èyí tó dára.
Mo mọ èyí tí wọ́n dá padà pẹ̀lú ọbẹ̀ lára,
èyí tó sùn lábẹ́ ìrọ̀rí,
èyí tí wọ́n purọ́ pé ó sọnù.

Oula fi ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́ nu imú.
"Ṣé òmíràn wà tó ń dunni báyìí?"
"Ó wà. Ó pọ̀."
Ó ronú. Ó mú dírágónì fún Biret àbúrò rẹ̀,
ó ní ọmọ ọdún márùn-ún kò tíì lè fara da ikú ajá.
Lẹ́yìn náà ó tún gba ìwé àtijọ́ yẹn lọ́wọ́ mi,
ó ki í bọ abẹ́ kóòtù.

"O ti kà á tán," mo ní.
"Mo mọ̀," ó ní.
"Bóyá kò ní kú lọ́tẹ̀ yìí."