Orúkọ Àyálò

Odò Narin ti dì gbagidi,
èédú inú ààrò kíláàsì ń rú èéfín ju bó ṣe ń mú ooru wá lọ,
tìbọ̀wọ́tìbọ̀wọ́ la fi ń kọ̀wé.
Olùkọ́ Toktobubu mú ẹfun, ó kọ ọ́ sójú pátákó:

x⁴ − 13x² + 36 = 0

Agbára kẹrin! Ẹnu wa ya.
Àwa tí a ṣì ń bá agbára kejì jìjàkadì,
tó ń gbé wa ṣánlẹ̀ lójoojúmọ́.
Jeenbek lẹ́yìn mi ní òun ń padà sídìí ẹṣin bàbá òun,
ẹṣin kì í béèrè x lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, eyín wúrà rẹ̀ kan yọ.
"Ẹ má jẹ́ kí gíga rẹ̀ dẹ́rù bà yín.
Ẹ wò ó dáadáa, ẹni tí ẹ mọ̀ rí ni,
ó kàn gun orí àga ni.
Ẹ pe x² ní u,
kí ẹ wá wo bí yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀."

u² − 13u + 36 = 0

Ó sì sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́.
Mẹ́rin àti mẹ́sàn-án:
bí a bá rò wọ́n pọ̀, mẹ́tàlá;
bí a bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, mẹ́rìndínlógójì.
Mo kọ ọ́, mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀,
mo ti ń kó ìwé sápò
nígbà tí ìka ẹlẹ́fun kan bà lé ojú ìwé mi.
"Ayzada, ta ni u?
Ta ló bi ọ́ léèrè u?"

N kò lè fèsì, torí mo mọ u kan.
Bàbá mi, Kubanich ọmọ Asanali,
ń to bíríkì ní Novosibirsk pẹ̀lú ìwé ẹlòmíràn.
Rinat ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.
Bí ó bá jẹ́ Kubanich, ẹnubodè ga ju orí rẹ̀ lọ;
bí ó bá di Rinat, ó wọlé, ó ń gbowó.
Owó náà ló ra èédú ilé wa.
Owó náà ló ra bàtà ẹsẹ̀ mi yìí.
Lọ́jọ́ Àìkú mo tẹ̀ ẹ́ láago, mo ní, "Bàbá,"
ó fi èdè Rọ́ṣíà dáhùn pé Rinat ló ń sọ̀rọ̀,
ó wá dákẹ́ kí ó tó dá ohùn mi mọ̀.
Ìmí mẹ́ta ni ìdákẹ́ náà. Mo kà á.

Mo nu imú, mo padà sídìí iṣẹ́.
Bí x² bá jẹ́ mẹ́rin, x jẹ́ méjì, tàbí òdì méjì.
Bó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, mẹ́ta, tàbí òdì mẹ́ta.
Ìdáhùn mẹ́rin, ìdajì wọn ń gbé nísàlẹ̀ òdo
níbi tí òtútù ẹnu ọ̀nà wa ti ń gbé láti Oṣù Kọkànlá.

Ó tún kọ òmíràn:

x − √x − 6 = 0

A pe √x ní u. Ó di mẹ́ta, tàbí òdì méjì.
A dá a padà: x di mẹ́sàn-án, tàbí mẹ́rin.
"Ẹ má tíì yọ̀," ni Toktobubu wí.
"Ẹni tó ti àjò dé, ẹ mú un lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn tó gbà jáde,
kí á wò ó bóyá ilẹ̀kùn á ṣí."
Mẹ́sàn-án wọlé wẹ́rẹ́.
Mẹ́rin kanlẹ̀kùn, kanlẹ̀kùn:
yọ méjì, yọ mẹ́fà, òdì mẹ́rin ló ṣẹ́ kù.
Ó jọ ọmọ ilé. Ó mọ ọ̀nà.
Kì í ṣe òun.
Toktobubu fa ẹfun kọjá lórí rẹ̀,
kò wí nǹkan kan.

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi ń dín bóósọ́kì,
ó bi mí pé kí la kọ́.
Mo ní wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń pe nǹkan
lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.
Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè òróró.
"Ṣé wọ́n kọ́ yín bí a ṣe ń pè é padà?"
Mo ní wọ́n kọ́ wa.
Ó ní kí n na iyọ̀ sí òun.